Bíréèkì Ọwọ́ Kékeré Nínú Ọkọ̀ Asáré Àfọwọ́ṣe: Láti Táyà Ẹ̀yìn Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Lẹ́tà mẹ́rin ni ó dé sórí tábìlì wa lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀: bíréèkì ọwọ́. Gbogbo àwọn tí ó kọ̀wé ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọkọ̀ asáré alájòókòó méjì nílé. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí wọ́n béèrè padà.

ÌBÉÈRÈ, LÁTI KUBWA: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe ọkọ̀ alájòókòó méjì kan ní àgbàlá ilé wa. Irin onígun mẹ́rin tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 25 ni mo fi ṣe ṣásí rẹ̀, páànù alumíníọ̀mù tí ó nípọn ní mìlímítà kan ààbọ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní England ní ọdún 1957. Mo rí ásúlù ẹ̀yìn (irin tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà ní ìdí rẹ̀) ti Toyota Corolla àtijọ́ rà, ti nǹkan bí ọdún 1980 nígbà tí ó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ni ó ń ti Corolla lọ, dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn agolo irin tí ń bá táyà yí, sì ni bíréèkì rẹ̀. Ìṣòro mi ni pé àpótí irin tí ṣáàfù, irin gbọọrọ tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, ń gbà kọjá láàárín ìjókòó méjèèjì kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ tí ó bá ásúlù náà wá sì gùn débi pé ó ń gbá mi ní ìgúnpá. Mo ti rí ọ̀pá kúkúrú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 16 lọ. Ó rẹwà, ó sì fúyẹ́. Ṣé kí n rà á? Ibo ni kí n sì gbé e sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ṣe ọkọ̀ nílé ni ó máa ń kọ́kọ́ ra ọ̀pá bíréèkì nítorí pé ó wù wọ́n lójú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá ohun tí wọn yóò so mọ́ ọn. Èmi a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìdí táyà ẹ̀yìn, n ó sì máa bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi dé ọwọ́ awakọ̀, nítorí pé táyà ni ó ń sọ iye agbára tí ó fẹ́. Iṣẹ́ tí a rán ọ̀pá ni ó ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ bíi tiyín lè wọn nǹkan bíi 600 kílò lófìfo. Bí àgbàlagbà méjì bá wọ inú rẹ̀, tí ẹrù díẹ̀ sì wà lẹ́yìn, ẹ pè é ní 800 kílò. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí bíréèkì ọkọ̀ kékeré, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 13-H, sọ pé bíréèkì ìdúró gbọ́dọ̀ lè dá ọkọ̀ tí ẹrù kún inú rẹ̀ dúró lórí ọ̀nà tí ó dagẹ̀rẹ́ ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé bí ọ̀nà náà bá lọ síwájú ní mítà 100, ó ti ga sókè ní mítà 20, yálà ọkọ̀ dojú kọ òkè tàbí ó dojú kọ ìsàlẹ̀. Ìlànà náà tún sọ pé agbára tí awakọ̀ yóò fi ọwọ́ fà kò gbọdọ̀ ju 400 newton lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 41. Ẹni tí ó bá ti gun òkè Mpape rí mọ̀ pé ọ̀nà tí ó dagẹ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ní Abuja.

Lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ 800 kílò á máa fa ara rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú agbára nǹkan bíi kílò 157. Bí táyà yín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29 láti àárín rẹ̀ dé ilẹ̀, tí dúrọ́ọ̀mù sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín dé etí rẹ̀, agbára tí ṣúù, ìyẹn irin títẹ̀ tí ń tẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù láti inú, gbọ́dọ̀ fi di dúrọ́ọ̀mù méjèèjì mú á di nǹkan bíi kílò 455. Nọ́ńbà yìí lè dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù mọ bí a ti ń ran ara ẹni lọ́wọ́: bí ó bá ti fẹ́ yí, á wọ́ ọ̀kan nínú ṣúù rẹ̀ mọ́ra, ṣúù náà á sì tẹ̀ mọ́ ọn gírígírí ju bí wáyà ṣe fà á lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí inú mi fi dùn pé dúrọ́ọ̀mù ni ẹ rà, kì í ṣe dísìkì. Ká sọ pé ìrànlọ́wọ́ yìí sọ agbára ṣúù di ìlọ́po méjì, kí irin kékeré inú dúrọ́ọ̀mù tí wáyà ń fà sì tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ohun tí wáyà kọ̀ọ̀kan ní láti fà kò ní ju kílò 28 lọ. Méjèèjì lápapọ̀ á jẹ́ kílò 57.

Wáyà náà kì í jíṣẹ́ láìyọ owó ọkọ̀ tirẹ̀. Níbikíbi tí ó bá ti tẹ̀, ó ń fi ara gbo inú awọ rẹ̀, agbára sì ń ṣòfò níbẹ̀. Ìṣirò tí mo máa ń lò fún wáyà tí awọ rẹ̀ mọ́, tí ó sì ń yọ̀ dáadáa, ni pé bí gbogbo ìtẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn bá jẹ́ digirí 90, nínú 100 tí ẹ bá fà, 83 ni yóò dé ìdí táyà. Bí ìtẹ̀ náà bá di digirí 180, 69 péré ni yóò dé ibẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò kan bí wáyà ṣe gùn tó, bí ó ṣe ń yà kiri ni ó ń jẹ ẹ́ níyà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó lọ tààrà tó, tí ìtẹ̀ rẹ̀ kò ju digirí 90 lọ, kílò 57 ti ẹ̀yìn á di nǹkan bíi kílò 69 ní iwájú.

Nísinsin yìí ni a tó dé ìdí ọ̀pá. Ọ̀pá tí ọwọ́ ń dì mú ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí ibi tí ó ti ń yí, tí wáyà sì so mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí ibẹ̀ kan náà, ń sọ agbára ọwọ́ di ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀, nítorí náà kílò 11 tó láti fà á. Bí ẹ bá dín ọ̀pá náà kù sí sẹ̀ǹtímítà 16 láìmú wáyà kúrò níbi tí ó wà, ó di ìlọ́po mẹ́rin, ọwọ́ yín á sì ní láti fa kílò 17. Kò burú rárá. Ẹ rí i pé ọkọ̀ yín fúyẹ́ tó láti gba ọ̀pá kúkúrú. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ó wọn 1,400 kílò ni, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣúù tuntun tí ó mọ́ ni a fi ṣe gbogbo ìṣirò yìí. Bí eruku ọyẹ́ bá wọ inú dúrọ́ọ̀mù, tàbí tí ọ́ìlì ásúlù bá jò kan ṣúù, ìdajì agbára lè lọ, kílò 17 á sì di 34, èyí tí kò jìnnà mọ́ sí kílò 41 tí ìlànà fi ṣe òpin. Ẹni tí ó ṣe ọ̀pá kúkúrú mọ èyí, nítorí náà ni òmíràn nínú wọn ṣe máa ń sún ihò wáyà súnmọ́ ibi tí ọ̀pá ti ń yí, bóyá sí sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, kí ọwọ́ lè tún rọrùn. Agbára á padà wá lóòótọ́, ó á lé ní ìlọ́po mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìrìn wáyà á dínkù. Bí ọ̀pá bá gbéra sókè ní digirí 40, wáyà tí ó so mọ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin á rìn ní mìlímítà 28. Èyí tí ó so mọ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ kò ní rìn ju mìlímítà 17 lọ. Ká sọ pé ṣúù yín nílò mìlímítà 12 lónìí kí ó tó mú dúrọ́ọ̀mù. Bí ṣúù bá jẹ díẹ̀, tí wáyà sì nà díẹ̀, ọ̀pá á ti dé òpin ìrìn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń tajà kì í sọ nìyí. Ohun tí a bá gé kúrò lára ọ̀pá, a ó san án padà, yálà nínú agbára ọwọ́ tàbí nínú ìrìn wáyà.

Nítorí náà, kí ẹ tó rà á, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á fi rúlà wọn ibi tí wáyà ń so mọ́ fún yín. Fún ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 16, ibi tí mo fẹ́ ni sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti mìlímítà méjì: ìlọ́po márùn-ún ni agbára, ìrìn wáyà sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 22. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka eyín rẹ̀, nítorí pé irin eléyín tí ahọ́n kékeré kan ń há sí ni ó ń dá ọ̀pá dúró lókè. Bí eyín mẹ́jọ péré bá wà láàárín digirí 40, eyín kọ̀ọ̀kan á fa wáyà ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta, ẹ ó sì máa rí i pé eyín kan kò tó, èyí tí ó tẹ̀lé e sì ti le jù. Eyín wẹ́wẹ́, mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó yẹ ọ̀pá kúkúrú, bí ahọ́n rẹ̀ bá ti nípọn, tí ó sì há wọ inú eyín títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀pá kan tún wà tí kì í há fúnra wọn, àfi bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì orí wọn. Bí ẹ bá fà wọ́n díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á já sílẹ̀. Àwọn tí ń sáré ìje fẹ́ràn irú rẹ̀. Ẹni tí ọmọ kékeré wà nílé rẹ̀, kí ó má ṣe gbé e wọlé.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, n kò ní ra ti íntánẹ́ẹ̀tì rárá. N ó lọ sí abúlé mẹkáníìkì ní Apo, n ó yọ ọ̀pá bíréèkì lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré kan tí ó ti bàjẹ́, n ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti ṣe é, pẹ̀lú eyín, ahọ́n àti ihò wáyà rẹ̀, n ó sì gé kìkì ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí bọ́tìnì ń tì. Ẹ má gbàgbé láti gé òun náà ní ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tìnì kò ní padà sí àyè rẹ̀. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní súwíìṣì kékeré tí ń tan iná pupa iwájú awakọ̀. Ẹ lò ó, nítorí pé ọ̀pá kúkúrú kì í ga tó láti fi han ojú pé a ti fà á, ẹ sì lè wa ọkọ̀ títí dé Bwari pẹ̀lú bíréèkì tí ó ń jó.

Ní ti ibi tí ẹ ó gbé e sí, orí àpótí àárín kò ṣeé lò, nítorí pé jíà ti gba iwájú rẹ̀, ìgúnpá yín sì ti gba ẹ̀yìn. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà ní ìhà ọ̀dọ̀ èrò, kí ó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá itan èrò nígbà tí ẹ bá tú u. Nàìjíríà ni a wà, ọwọ́ òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò sì fi fa bíréèkì. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá kékeré tí a ṣe fún irú ọkọ̀ yìí ń wá láti England, níbi tí sítíárìn wà lápá ọ̀tún, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọwọ́ òsì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Èyí tí a ń fà bí ọwọ́ agbòjò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kì í gba àyè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ agbára ọwọ́ di ìlọ́po kankan, n kò sì fẹ́ràn wọn.

Ìdè rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ẹnì kan bá fi kílò 40 fa ọ̀pá ìlọ́po márùn-ún nítorí ìbẹ̀rù, 200 kílò ni yóò wà lórí wáyà, bọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá ni ó sì ń gba gbogbo rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ àfọwọ́ṣe kan tí wọ́n de ọ̀pá rẹ̀ mọ́ páànù alumíníọ̀mù lásán. Mo ní kí ẹni tí ó ni ín fà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó: bí ọ̀pá ti ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni páànù ń wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, táyà ẹ̀yìn kò sì tíì dúró. Ìwú páànù yẹn ni ó jẹ gbogbo ìrìn wáyà. Ẹ jẹ́ kí alájórin jó irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní mìlímítà mẹ́ta mọ́ irin ṣásí méjì, kí ẹ sì de ọ̀pá mọ́ ọn pẹ̀lú bọ́ọ̀tì M8 tí a kọ 8.8 sí lórí, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí ó ní ọ̀rá nínú tí kì í tú. Orí bọ́ọ̀tì ni kí ó wà nínú àpótí, kí ìrù rẹ̀ yọ síta, nítorí pé ṣáàfù ń yí nínú àpótí náà, ó sì ń gòkè bí táyà ẹ̀yìn bá kó sínú kòtò. Ẹ fi jáàkì gbé ásúlù sókè dé ibi tí ó lè gòkè dé, kí ẹ sì rí i pé àyè tí ó tó mìlímítà 15 ṣì wà láàárín ṣáàfù àti ohun gbogbo tí ẹ fi sínú àpótí.

ÌBÉÈRÈ, LÁTI KADUNA: Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé kí n fi wáyà sílẹ̀, kí n lo ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ tí ó ń lo ọ́ìlì, irú èyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ yí òòyì lórí pápá ń lò. Ó ní mástà sìlíńdà kékeré ni, paipu kan péré ni yóò sì lọ sẹ́yìn, kò sí pé wáyà ń tẹ̀, kò sí pé ó ń dógùn-ún. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ nípa ìrọ̀rùn rẹ̀. Ọ̀pá náà dára fún ohun tí a ṣe é fún, ìyẹn ni láti há táyà ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Kò dára fún dídá ọkọ̀ dúró sílẹ̀, n ó sì sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ara mi, ìkọ́ kan sì wà lórí rẹ̀ tí ó lè há a mọ́ òkè. Mo wakọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán lọ kí ará kan ní Katampe, bíréèkì sì gbóná dáadáa kí n tó dé ibẹ̀. Mo dojú ọkọ̀ kọ ìsàlẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, mo fa ọ̀pá, mo há a, mo sì wọlé lọ jẹ iyán. Ìgbà tí mo fi máa jáde, ọkọ̀ náà ti fi imú ti ìkòkò òdòdó mẹ́ta mọ́ ògiri. Ọ̀pá ṣì dúró ṣánṣán lókè bí mo ti fi í sílẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ ṣì há, bẹ́ẹ̀ ni táyà ń yí bí ẹni pé kò sí bíréèkì. Ẹ̀bi mi ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí dísìkì àti ọ́ìlì gbóná, wọ́n fẹ̀. Nígbà tí wọ́n tutù, wọ́n súnkì, agbára tí mo há mọ́ inú paipu sì rọlẹ̀. Bí ọ̀pá bá jẹ́ ti wáyà, irin ni ó fa irin, wáyà sì ń nà díẹ̀ bí rọ́bà, nítorí náà kì í tètè dẹ̀ bí nǹkan bá súnkì. Bí rọ́bà inú sìlíńdà bá sì jò díẹ̀, ti ọ́ìlì ni yóò lọ pátápátá. Ìlànà 13-H tí mo mẹ́nu bà lókè náà sọ ọ́ gbangba pé ohun tí yóò di bíréèkì ìdúró mú gbọ́dọ̀ jẹ́ irin lásán, kò gbọdọ̀ gbára lé ọ́ìlì. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀pá ọ́ìlì fún eré, ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n kí ti wáyà náà wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ti bíréèkì ìdúró oníná tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ìgbàlódé, mọ́tò kékeré orí kálípà rẹ̀ (ohun tí ń di dísìkì mú) kì í gba àṣẹ lẹ́nu súwíìṣì lásán, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń darí rẹ̀; ẹ fi í sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ, LÁTI KANO: Wáyà bíréèkì ọwọ́ tí ó bá ásúlù mi wá kúrú, ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kí ó dé ìdí ọ̀pá. Ẹnì kan ní Kofar Ruwa ní kí n fi wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà lé e. Ẹlòmíràn ní kí n so wáyà méjì pọ̀ pẹ̀lú ìdè onínọ́ọ̀tì. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. A kò ṣe wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà fún irú ìfà tí a ṣírò lókè yìí. Ìka mẹ́rin ni ó ń fà á, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òjé kékeré ìdí rẹ̀ á sì fà yọ ní ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ìdè onínọ́ọ̀tì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń jẹ wáyà ní ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, ojú kò sì lè rí i.

Ohun tí ẹ ní láti ṣe kò ju èyí lọ: ẹ má fa wáyà gùn, irin ni kí ẹ fi dí àlàfo náà. Láti ìdí ọ̀pá, ẹ lo ọ̀pá irin gbọọrọ tí ó nípọn ní mìlímítà mẹ́jọ, kí ó gba inú àpótí àárín lọ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ṣáàfù kò ti lè kàn án. Ní ìparí rẹ̀, ẹ so irin ìdọ́gba mọ́ ọn, ìyẹn irin kékeré bí àjàgà tí wáyà méjì ẹ̀yìn so mọ́ ní apá ọ̀tún àti apá òsì, tí ọ̀pá irin náà sì fà ní àárín. Wáyà ilé iṣẹ́ yín á wá tó, nítorí pé irin ìdọ́gba ti lọ bá a lẹ́yìn. Irin kì í tẹ̀, nítorí náà kì í gbo ara rẹ̀, ìyẹn sì tún jẹ́ èrè. Níbi gbogbo tí pín bá ti so nǹkan pọ̀, ẹ fi wáyà ìdènà gba ihò rẹ̀ kọjá kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Ìṣó tí a tẹ̀ kì í ṣe pín.

Àṣìṣe kan wà tí mo ń rí púpọ̀ níbi tí wáyà ti ń kúrò lára ṣásí lọ sí ara ásúlù. Ásúlù ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ṣásí dúró. Bí wáyà inú bá wà ní ìhòòhò láàárín méjèèjì, gbogbo kòtò tí ẹ bá kó sí á máa fa bíréèkì fúnra rẹ̀. Awọ wáyà ni kí ó kọjá níbẹ̀: kí ìdí rẹ̀ kan há mọ́ ṣásí, kí ìkejì há mọ́ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, kí awọ náà sì tẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín wọn kí ó lè máa mì. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí paipu èéfín, nítorí pé ọ̀rá inú awọ rẹ̀ á yọ́. Ẹ sì fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì: eruku Kano ní oṣù kìíní ọdún, àti omi òjò tí ó bá tẹ̀lé e, ni ó máa ń sọ wáyà di ìpẹtà.

ÌBÉÈRÈ, LÁTI JOS: Mo ti fi tèmi sí i, ó sì ń ké dáadáa, ṣùgbọ́n eyín kọkànlá ni ó tó ń mú, táyà òsì nìkan ni ó sì ń há. Mo ti fún nọ́ọ̀tì wáyà pọ̀ títí, kò yí padà. Mo sì fẹ́ mọ bí mo ṣe máa dán an wò kí àwọn VIO tó dán an wò fún mi.

ÌDÁHÙN: Ẹ tú nọ́ọ̀tì wáyà náà padà títí yóò fi dẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n ń fi wáyà tún ohun tí ó bàjẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù ṣe. Ẹ fi igi há táyà iwájú, ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé orí ìdúró irin, kì í ṣe orí jáàkì nìkan, kí ọ̀pá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wá fẹ ṣúù nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láti ibi ìtúnṣe rẹ̀ títí táyà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì dá a padà díẹ̀ títí yóò fi yí fàlàlà. Ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ṣúù lè jókòó sí àárín, kí ẹ tún un wò. Ìgbà yìí ni ẹ tó padà sí ìdí wáyà, kí ẹ fún un títí bíréèkì yóò fi máa mú láàárín eyín kẹrin sí ìkeje.

Táyà òsì tí ó ń dá há, ẹ lọ wo irin ìdọ́gba. Ó ṣeé ṣe kí ó ti fi apá kan gbé ara lé irin ṣásí tàbí kí pín àárín rẹ̀ ti dógùn-ún, tí kò lè mì sọ́tùn-ún sósì mọ́. Bí kò bá lè mì, wáyà tí ó kúrú díẹ̀ ni yóò gba gbogbo iṣẹ́. Bí ó bá ń mì dáadáa, ṣúù ọ̀tún ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ní ti ìdánwò, ẹ̀yin ará Jos kò níṣòro òkè. Ẹ wá ọ̀nà ọ̀dà tí ó dagẹ̀rẹ́, kí ẹnì kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú igi tí a fi ń há táyà lọ́wọ́, kì í ṣe níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ fa ti ọwọ́, ẹ fi jíà sí òfìfo, kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ ṣe é nígbà tí ọkọ̀ dojú kọ òkè, kí ẹ yí i padà, kí ẹ tún ṣe é nígbà tí ó dojú kọ ìsàlẹ̀, nítorí pé ìdánwò méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá dojú kọ ìsàlẹ̀, ẹrù rẹ̀ á wọ́ lọ sí iwájú, táyà ẹ̀yìn tí bíréèkì ọwọ́ ń há á sì fúyẹ́ lórí ilẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ fún ọkọ̀ 800 kílò orí òkè ìdá 20 tí a ti ń sọ láti òkè wá: lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ń dúró ní ìhà méjèèjì láìsí ìyọnu. Lórí ilẹ̀ pupa tí òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, bí ó bá dojú kọ òkè, ìdìmú táyà ẹ̀yìn á tó nǹkan bíi kílò 169, ó sì lé díẹ̀ sí kílò 157 tí ó nílò. Bí ó bá dojú kọ ìsàlẹ̀, kò ní ju nǹkan bíi kílò 144 lọ. Táyà á há, kò ní yí, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má padà lọ fún wáyà pọ̀, nítorí pé bíréèkì yín ti ṣe tirẹ̀. Ẹ fi òkúta há táyà, kí ẹ sì máa dojú ọkọ̀ kọ òkè bí ẹ bá ń dúró sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà ní nǹkan bíi kìlómítà 200, ẹ tún ka eyín rẹ̀. Wáyà tuntun a máa nà díẹ̀, awọ rẹ̀ a sì máa jókòó sí àyè rẹ̀, nítorí náà eyín karùn-ún lè ti di ìkeje. Ìgbà yẹn ni ẹ lè fún nọ́ọ̀tì wáyà láìtú dúrọ́ọ̀mù.